Ọkọ̀ Tuntun: Ṣé Dandan Ni Àga Ọmọ Tuntun?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Houston

N kò ní pẹ́ lórí ìdúró, nítorí òórùn ìrẹsì ti ń dé ibi tí mo wà yìí.

Àwọn ẹbí mélòó kan láàárín wa ti ra ọkọ̀ tuntun. A bá wọn yọ̀. Ọkọ̀ náà yóò tù wọ́n lára, kò sì ní mu ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kí wọn tán, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń tẹ̀ lé e: "Ẹ jọ̀ọ́, àga ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ àtijọ́ ńkọ́? Ṣé kí a gbé e sínú èyí ni, àbí kí a ra òmíràn?" Ẹni tó bímọ mẹ́ta mọ̀ pé owó kékeré kọ́ ni à ń sọ.

Ìdáhùn mi kò gùn. Ọkọ̀ tuntun kò sọ àga ọmọ di ògbólógbòó. Ohun mẹ́ta ni kí a fi dá a lẹ́jọ́: àga náà fúnra rẹ̀, ọmọ tí yóò jókòó sínú rẹ̀, àti bí ó ṣe dúró nínú ọkọ̀ náà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, ẹ fi owó yín sápò. Bí ọ̀kan bá kùnà tí kò sì ṣe é tún ṣe, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ náà ni ẹ ṣì ń wà.

Nílé, itan ìyá ni ọ̀pọ̀ nínú wa jókòó lé nínú mọ́tò. Ìfẹ́ ni, kì í ṣe àìbìkítà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń sáré 30 máìlì ní wákàtí kan tí ó sì forí sọ nǹkan lójijì, ọmọ tó wọ̀n 20 pọ́ùn lè fa ọwọ́ ẹni tó gbé e bí ẹrù 400 pọ́ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá ta ni yóò dì í mú? Ìdí nìyẹn tí ìpínlẹ̀ Tennessee fi kọ́kọ́ ṣòfin àga ọmọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978. Nígbà tó fi di 1985, gbogbo ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ní irú òfin yìí. Ní Texas níbí, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 gbọ́dọ̀ wà nínú àga rẹ̀, àfi bí ó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ínǹṣì 9 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àga fúnra rẹ̀. Ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀. Ẹ ó rí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, níbi tí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí. Ọjọ́ tí kò yẹ kí a lò ó mọ́ wà níbẹ̀, tàbí lára ike rẹ̀, tàbí nínú ìwé ìlò. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ju ọdún 6 sí 10 lọ. Ike a máa gbó, pàápàá nínú oòrùn Houston yìí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi ara yín bóyá àga náà ti wà nínú jàǹbá ọkọ̀ rí. NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ààbò ojú pópó, sọ pé bí jàǹbá náà bá le, kí a pààrọ̀ àga. Kí a tó lè pe jàǹbá ní kékeré, ohun márùn-ún gbọ́dọ̀ pé: ọkọ̀ náà ṣeé wà kúrò níbẹ̀, ilẹ̀kùn tó sún mọ́ àga náà jù lọ kò bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò farapa nínú ọkọ̀, airbag kankan kò tú jáde, kò sì sí ibi tó sán lára àga náà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ kan ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn jàǹbá yòówù, nítorí náà ẹ ka ìwé ìlò. Ẹ bi ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì yín pẹ̀lú. Wọ́n lè san owó òmíràn fún yín.

Èkejì ni ọmọ. Ọmọ ń dàgbà, àga kì í dàgbà. Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà yí ìmọ̀ràn wọn padà: wọn kò ní kí a dúró lórí ọdún 2 mọ́, bí kò ṣe kí ọmọ máa kọjú sẹ́yìn títí yóò fi dé ìwọ̀n tàbí gíga tí àga náà lè gbà. Lẹ́yìn náà ni yóò kọjú síwájú pẹ̀lú okùn èjìká. Lẹ́yìn ìyẹn ni àga ìgbéga, títí bẹ́líìtì ọkọ̀ yóò fi gba orí itan àti àárín èjìká rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 máa jókòó. Ẹ má ṣe gbé àga tó kọjú sẹ́yìn síwájú airbag tó ń ṣiṣẹ́ láéláé.

Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ náà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọkọ̀ tuntun ti kàn wá. Àga tó dúró gbagidi nínú ọkọ̀ àtijọ́ lè máa mì nínú tuntun, nítorí ìjókòó ọkọ̀ kan kò rí bíi ti èkejì. Láti oṣù kẹsàn-án 2002 ni òfin ti ní kí ọkọ̀ tuntun máa ní irin ìkọ́ tí wọ́n ń pè ní LATCH. Bí kò bá sí i ní ìjókòó àárín, bẹ́líìtì ọkọ̀ lè ṣe iṣẹ́ náà bákan náà. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni kí ẹ lò, àfi bí ìwé ìlò bá sọ pé kí ẹ pa wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá dì í tán, ẹ di àga náà mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, kí ẹ mì í. Kò gbọ́dọ̀ sún ju ínǹṣì 1 lọ. Bí ó bá ń sún, ẹ gbìyànjú ìjókòó mìíràn nínú ọkọ̀ náà kí ẹ tó sáré lọ sọ́jà. Bí ẹ bá sì máa rà, ẹ má rò pé olówó gọbọi nìkan ló dára: òfin ìjọba àpapọ̀ kan náà ni gbogbo àga tí wọ́n ń tà níbí gbọ́dọ̀ bá mu.

Àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí lórí iṣẹ́ yìí wà tí wọ́n máa ń bá èèyàn yẹ̀ ẹ́ wò, lọ́pọ̀ ibi lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì mú ìwé ìlò ọkọ̀ àti ti àga dání.

Ó ku ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó jẹ́ ti àwa Yorùbá. Àkọ́kọ́ ni òde àríyá. Agbádá àti aṣọ òkè kì í jẹ́ kí okùn àga mú ọmọ lára. Ẹ jẹ́ kó wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú ọkọ̀, bí ẹ bá dé gbọ̀ngàn kí ẹ wọ agbádá fún un. Ẹ má sì sọ pé ibẹ̀ kò jìnnà, kí ẹ wá gbé ọmọ lé itan.

Èkejì ni àwọn ìyá wa tó wá bá wa tọ́jú ọmọ. Bí ọmọ bá ń ké, Màmá yóò ní, "Ẹ gbé e fún mi jàre." Ẹ má jágbe mọ́ wọn. Ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a ó dúró níwájú díẹ̀, ẹ ó gbé e níbẹ̀." Kí ẹ sì dúró lóòótọ́.

Ẹ̀kẹta ni ẹrù ilé. Àga tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tàbí tó ti rí jàǹbá, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ má dì í sínú dúróòmù fún ọmọ àbúrò yín ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta. Ohun tí kò lè dáàbò bo ọmọ tiwa níbí, kò lè dáàbò bo tiwọn lọ́hùn-ún. Ẹ gé okùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó mọ́. Bákan náà, ẹ má gba àlòkù tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá.

Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ẹ bá délé lónìí, kí ẹ tó wọlé sùn, ẹ tan iná, ẹ wo bébà tó wà lẹ́yìn àga ọmọ yín. Ọlọ́run yóò bá wa dá àwọn ọmọ wa sí, a kò ní fi wọ́n sunkún.