Ìgbálẹ̀ Inú Fóònù: Ohun Tí Ẹgbẹ́ Wa Rí Kọ́

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún

  

Wọ́n ní kí àwa tí a wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí a ṣe lọ́dún tó kọjá. Iṣẹ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo la fẹ́ mú sọ, torí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wa sí wàhálà, òun náà ló sì kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ni. Kì í ṣe ìgbálẹ̀ ìsọ̀ o. Ìgbálẹ̀ inú fóònù àti kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí pàǹtírí náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, owó lọ́wọ́ là ń gbà. Ọmọ ẹgbẹ́ á mú owó wá sí ìpàdé, akápò á kà á, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, a ó tún kọ ọ́ sínú pásíbuùkù rẹ̀, ó tán. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ owó náírà 200, 500 àti 1,000. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2023, ojú gbogbo wa rí i. Owó bébà di góòlù. Ẹ ò tíì gbàgbé bí a ṣe ń tò sídìí ATM láti ìdájí, tí tòmátì ń jẹrà lórí àtẹ torí oníbàárà ò rówó san. Ìgbà yẹn ni púpọ̀ nínú wa kọ́ bí a ṣe ń gba transfer.

Ó dára, kò sẹ́ni tó fẹ́ padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti sanwó ló ń fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Á fi sí gúrúpù, á fi sí akápò, á tún fi sí akọ̀wé, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Àwòrán kan ti di mẹ́ta nìyẹn. Ẹ wá fi fídíò àdúrà, àwòrán aṣọ ẹbí àti ìkéde òkú kún un. Ìwé ńlá la pa tì, a ní kọ̀ǹpútà ti tó. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ìyá wa tó kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò ní fi pásíbuùkù sílẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, orúkọ onídùúró, àkọsílẹ̀ ìpàdé, gbogbo rẹ̀ la kó sórí Google Drive, bí ẹni tó kó àgbàdo sí àká ẹlòmíràn. Gígábáìtì 15 ni Google ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ìmeèlì, fọ́tò àti fáìlì ló sì jọ ń pín in. Tiwa kún fọ́fọ́. Ìmeèlì ò wọlé mọ́, fáìlì tuntun ò wọlé mọ́. Ayẹ̀wé-owó-wò ní kí a mú ìwé ẹ̀yáwó kan wá, ọjọ́ méjì gbáko la fi wá a.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹgbẹ́ wa ti dàgbà, àkísà wa pọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àárín àkísà yẹn náà ni ìró tó dáa wà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ló sọ pé, "Ẹ̀yin màmá, kí lẹ ń fojú jìyà sí? Ẹ jẹ́ kí AI bá yín tò ó." AI yìí, tí àwọn kan ń pè ní ọpọlọ àtọwọ́dá, ẹ̀rọ tí ènìyàn ń kọ̀wé sí tó ń fèsì bí ènìyàn ni. ChatGPT tí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ló jẹ́ kí òkìkí rẹ̀ kàn. Google náà ní Gemini, ti Meta sì ti wà nínú WhatsApp tí a ń lò. Kì í ṣe iwin, kì í ṣe àǹjọ̀nú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó wá ń ro ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lè sọ òótọ́ àti àṣìṣe pẹ̀lú ohùn kan náà.

A ò kó fáìlì fún un o. Orúkọ fáìlì nìkan la kọ jáde, pẹ̀lú ọjọ́ tí a fi wọ́n pamọ́. Nọ́ńbà àkáǹtì yín, nọ́ńbà fóònù yín, BVN yín, a ò jẹ́ kó rí i. Nàìjíríà ti ṣòfin lórí èyí lọ́dún 2023, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ni àṣírí ọmọ ẹgbẹ́ ti jẹ́ ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ wa. A ní kó pín wọn sọ́nà mẹ́rin: ìfowópamọ́, ẹ̀yáwó, ìpàdé, àti ìnáwó ẹgbẹ́. A ní kó tọ́ka sí èyí tó bá jọ ara wọn.

Ká sòótọ́, ó ṣiṣẹ́. Ohun tí ì bá gbà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ṣe é. Ó kó fáìlì mẹ́rin jọ tí a pè ní "ipade june", "ipade june tuntun", "ipade june gidi" àti "ipade june eyi ti a o lo". A rẹ́rìn-ín títí. Ó tún kọ́ wa pé kí a máa fi ọdún àti oṣù bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì, kí wọ́n lè máa to ara wọn.

Ṣùgbọ́n a kì í fi àmì sórí ohun tí a bá kọ. Fáìlì kan wà tí a kọ "owo eko" sí. Owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yín ni, èyí tí ẹgbẹ́ fi ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nílé ìwé. AI lọ kó o pọ̀ mọ́ owó ọkọ̀ tí a san lọ sí Èkó. Bó bá tilẹ̀ kó o sọ́dọ̀ ẹlẹ́kọ tútù, a ò lè bá a jà. Ìyẹn pa wá lẹ́rìn-ín. Èyí tó kàn ò pani lẹ́rìn-ín rárá.

Ìyá Ìbejì méjì ló wà nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀kan ń ta ata, ọ̀kan ń ta epo. Fáìlì ìfowópamọ́ àwọn méjèèjì, "iya ibeji" la kọ sí i, a kàn fi 2 sẹ́yìn ọ̀kan. AI ní ó jọ pé ẹ̀dà ara wọn ni, kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó pa ọ̀kan rẹ́. Ẹ gbọ́ o, ó ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, iná ti lọ, bátìrì ń tán lọ, oorun ń kùn wá. A ti wo bí ogójì tó pè ní ẹ̀dà, gbogbo rẹ̀ ló sì rí bó ṣe wí. A bá gbà pé ó mọ̀ ọ́n. A pa fáìlì náà rẹ́ láìṣí i.

Ọjọ́ kọkàndínlógún rẹ̀ ni Ìyá Ìbejì elépo dé. Ó fẹ́ yáwó kó fi ra epo sílẹ̀ kí epo tó wọ́n. Ẹ mọ òfin wa, ìlọ́po méjì owó tí ènìyàn bá fi pamọ́ la lè yá a. A ṣí kọ̀ǹpútà, a ò rí i. A ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ ò lówó níbí mà." Kò pariwo. Ó kàn jókòó, ó ní, "Ẹ̀yin tí mo fọkàn tán ju báńkì lọ?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára títí dòní.

Ó wá tú etí ìró rẹ̀, ó mú pásíbuùkù tó fi ọ̀rá wé jáde. Gbogbo owó tó ti san ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sí akápò. A ké sí ọmọ wa, ó sáré dé, ó wo ibi tí Google Drive ń kó ohun tí a bá pa rẹ́ sí. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni nǹkan ń lò níbẹ̀ kó tó pòórá pátápátá. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ohun tó wà níbẹ̀ ṣì máa ń gba àyè, ọmọ náà sì ti ní kí a dà á nù tipẹ́. Ọ̀lẹ ni kò jẹ́ ká ṣe é. Ọlọ́run ló fi ọ̀lẹ wa gbà wá! A dá fáìlì náà padà, a fi wé pásíbuùkù, kọ́bọ̀ kan ò dín. Ìyá Ìbejì gba ẹ̀yáwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Níwájú gbogbo yín lónìí, a tún ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. AI kọ́ ló pa owó wọn rẹ́, àwa ni. Ẹ̀rọ mọ ohun tó jọra, kò mọ ẹni tó ni ín. Kò mọ oòrùn tí ìyá yìí jókòó sí kó tó rí owó náà. Àwa la mọ̀ ọ́n, àwa ló sì yẹ ká ṣí i wò.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò báyìí:

Èkíní, AI lè tò, ó lè tọ́ka, ṣùgbọ́n a ò ní pa ohunkóhun rẹ́ àfi tí ènìyàn méjì bá ṣí i wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Èkejì, ìwé owó àti ìwé tí ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, a ò ní pa á rẹ́ rárá. A ó kó o sọ́tọ̀, a ó sì tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà.

Ẹ̀kẹta, fáìlì ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á máa ní nọ́ńbà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá Ìbejì lè pọ̀, nọ́ńbà ò ní jẹ́ méjì.

Ẹ̀kẹrin, a ò ní ní kí AI bá wa ro owó pọ̀. A dán an wò, ohun tó rò àti èyí tí akápò rò ò bára mu, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ò bà á bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ìwé ńlá ti padà dé.

Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín. Bí ẹ bá ń ṣe transfer, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹgbẹ́ yín síbi tí báńkì ti ń bèèrè ohun tí owó wà fún. Ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí akápò nìkan, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gúrúpù owó sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ owó. Nọ́ńbà àṣírí tí báńkì bá fi ránṣẹ́, ẹ má fi han ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ènìyàn, ì báà ṣe AI. Ẹ̀yin ọmọ wa, a dúpẹ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín láti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bá màmá yín gbá inú fóònù, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Àwòrán tó rí jákujàku lójú yín lè jẹ́ ẹ̀rí gbèsè.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. AI ni ọmọ tuntun tó wọ ọjà wa. A ò lé e, a ò sì ní fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún un. Àwa la ó máa tún orí rẹ̀ ṣe.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ọwọ́ ara wa pa iṣẹ́ ara wa rẹ́. Ọjà á tà, àwìn ò ní kú sí wa lọ́wọ́, ẹgbẹ́ wa ò ní tú.