Ọ̀rẹ́ Mi Ní Lomé



Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwìn, Lomé ló sì wá sí mi lọ́kàn. Nínú gbogbo ìlú tí mo ti ná ọjà, òun ló wù mí jù. Níbẹ̀ ni àwọn Nana Benz ti fi èrè ànkárá ra Mercedes. Ọ̀rẹ́ tèmi kì í ṣe ara wọn o! Ìsọ̀ kékeré ló ní nínú ọjà Assigamé. Ó máa ń kó aṣọ fún mi láwìn, inú ìsọ̀ ni ìwé gbèsè rẹ̀ ń gbé.

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, iná jó ọjà náà. Mo lọ wò ó, mo bá a lábẹ́ agboòrùn létí títì. Ìwé ti jóná mọ́ aṣọ, àwọn kan tó jẹ ẹ́ sì ti ń sẹ́. Mo ka owó tèmi sílẹ̀. Ó tún un kà, ó yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún owó sẹ́fà, ó tì í padà sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Èyí lé. Mo rántí tìẹ."

Mo tún lọ lọ́dún tó kọjá. A jọ jẹ àkúmẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí. Ó ti ra ìwé mìíràn, orúkọ mi ló ṣáájú níbẹ̀.