Gáskẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta Láàárín Ọdún Kan

Ọ̀rọ̀ tí alábẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ



Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ni mo bá wá lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ẹ má ṣe sọ pé kí ló kan alábẹ̀wò nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì. Inú ìwé ìnáwó ni mo ti pàdé rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan wà tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní Peugeot 504 akẹ́rù kan tí ó ti pẹ́, òun ni ó ń kó ẹ̀gẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ sọ́jà. Nígbà tí mo yẹ ìwé wọn wò, mo rí i pé wọ́n ra gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Mo ní, “Bàbá akápò, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọkọ̀ mẹ́ta lẹ ní ni?” Wọ́n ní, “Ọ̀kan ṣoṣo ni, ọ̀gá. Bí a bá ti fi tuntun sí i, kì í pẹ́ tí ó fi tún ń jó.” Ní ọjọ́ tí ó jó kẹ́yìn, ẹ̀gẹ́ inú ọkọ̀ sun ojú ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì bàjẹ́. Àwọn opó méjì wà lára àwọn tí ó ni ín. Owó ẹ̀gẹ́ yẹn ni wọ́n fẹ́ fi san gbèsè ẹgbẹ́.

Gáskẹ́ẹ̀tì yìí ni ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti orí rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Ó ń sé iná mọ́ ibi tí ó ti ń jó, kì í sì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì dàpọ̀. Irin ni ara ẹ́ńjìnì 504, alumíníọ̀mù ni orí rẹ̀. Bí iná bá mú wọn, alumíníọ̀mù a máa fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin. Nítorí náà, bí omi bá gbẹ tàbí bẹ́líìtì fáànù bá já, tí a sì ń wa ọkọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, orí náà lè wọ́. Ẹni tí ó bá fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sábẹ́ orí tí ó ti wọ́ dà bí ẹni tí ó fi ọmọrí tí ó ti tẹ̀ dé ìkòkò. Ooru yóò máa jáde ṣáá ni.

Igi gànnganràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Bí omi rédíétọ̀ bá ń dínkù láìsí ibi tí ó ti ń jò, bí ó bá ń hó kùkù bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, tàbí tí èéfín funfun kò dáwọ́ dúró, ẹ pa ọkọ̀. Ẹ má ṣe ṣí rédíétọ̀ gbígbóná, ẹ má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnì tí ó gbóná, kí ó má baà sán.

Nígbà tí a bá ń tún un ṣe, kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá kí a tó tú bóòtù. Láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín ni a ti ń tú wọn. Bí a bá gbé orí 504 kúrò, a kò gbọdọ̀ yí ẹ́ńjìnì, kí sílíìfù inú rẹ̀ má baà kúrò ní àyè rẹ̀. Kí a nu ojú méjèèjì mọ́, kí a fi irin tí ó gún régé wò bóyá orí ti wọ́. Bí ó bá wọ́, ẹ gbé e lọ fún àwọn tí ń fi ẹ̀rọ fá a, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fá a kọjá ìwọ̀n. Kí a gbẹ omi àti ọ́ìlì inú ihò bóòtù. Kí ihò gáskẹ́ẹ̀tì bá ihò ẹ́ńjìnì mu. Gọ́ọ̀mù kò lè tún orí tí ó wọ́ ṣe. Láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ni a ti ń di bóòtù, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú sípánà oníwọ̀n, títí yóò fi dé iye tí ìwé ọkọ̀ náà kọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Mẹkáníìkì ẹgbẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n agbára apá ni ó fi ń wọn bóòtù, kò sì wo orí náà rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta kòkó, ṣé ẹ lè gbà kí ẹni tí ń rà á fi ọwọ́ gbé àpò kí ó sì sọ pé, “Ó tó báyìí”? Ìwọ̀n lẹ ó béèrè. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì pẹ̀lú.

Sípánà oníwọ̀n wọ́n fún ẹni kan. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá dá owó, wọn yóò ra ọ̀kan, akápò kan yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí mo sọ náà ti fá orí ọkọ̀ wọn, wọ́n sì fi ìwọ̀n dì í. N kò tí ì rí gáskẹ́ẹ̀tì nínú ìwé wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ àwọn opó méjì yẹn ti lọ, gbèsè wọn sì wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ tiyín kí ẹ tó gbọ́n.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.