Ẹ̀kọ́ Nípa Ọkàn Ènìyàn Lẹ́nu Iṣẹ́



Ìbéèrè kan ni mo mú wá: bí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ kan kò bá lọ déédéé, ẹ̀bi ta ni? Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa yára dáhùn pé ọ̀lẹ ni onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà ní àwọn yunifásítì tí ń kọ́ ènìyàn láti má ṣe yára dájọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń wádìí bí a ti í yan ẹni tí iṣẹ́ yẹ, bí a ti í kọ́ ọ, bí a ti í díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀ láìṣe ojúsàájú, àti ohun tí ń mú kí àárẹ̀ tàbí ìbínú ba iṣẹ́ jẹ́.

Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ asán ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn obìnrin kan fún yín. Lillian Moller ni orúkọ rẹ̀. Ní Oakland, ní California ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a gbé bí i ní ọdún 1878. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì California ní 1900, ó sì gba ìkejì níbẹ̀ ní 1902. Ní 1904 ó di aya Frank Gilbreth, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà rí. Frank ti ṣàkíyèsí pé àwọn bíríkìlà a máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà láti ṣa bíríkì. Ó ṣe pẹpẹ tí ó gbé bíríkì dé ìwọ̀n ọwọ́ wọn. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, làálàá sì dínkù. Ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀? Rárá o. Ìlànà iṣẹ́ ni kò dára.

Lillian kọ ìwé ńlá lórí ọkàn ènìyàn àti ìṣàkóso iṣẹ́, kí ó lè fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Yunifásítì California kò fi oyè náà fún un, nítorí kò gbé ibẹ̀ tó iye àkókò tí òfin wí. Kò sọ̀rètí nù. A tẹ ìwé náà jáde ní 1914. Òun sì tún bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mìíràn ní Yunifásítì Brown, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1915, pẹ̀lú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ méjìlá ni ó bí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú lójijì ní 1924, òun nìkan ni ó ku tí yóò tọ́ àwọn mọ́kànlá tí ó wà láàyè. Ìmọ̀ tí ó fi sùúrù kó jọ ni ó fi bọ́ wọn. Ní 1935 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Purdue. Ó sì kú ní 1972.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ̀kọ́ yìí, ó wà nítòsí pẹ̀lú, nítorí Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ ọ fún àwọn tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìwòsàn àwọn tí orí wọn dàrú. Ìṣirò pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí a kò gbọdọ̀ fi àbá lásán yan ẹni tí yóò jẹun àti ẹni tí ebi yóò pa. Ní Amẹ́ríkà, oyè kejì a máa gbà tó ọdún méjì. Ti ọ̀mọ̀wé a máa gbà tó ọdún mẹ́rin, márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó san owó, ẹ béèrè bí a óò ti kọ́ yín ní ìṣirò àti ìwádìí, bí ẹ óò bá rí ààyè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, àti bí olùkọ́ kan bá wà tí ìwádìí rẹ̀ bá ti yín mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ yín, tiyín kò gba oyè. Lọ́la, kí ẹ tó bínú sí ẹni tí ó fà sẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ó ń bẹ̀rẹ̀ sí ṣa bíríkì. Ó lè jẹ́ pé pẹpẹ ni ó ṣaláìní.