Gbígbé Kẹ̀kẹ́ Nínú Ọkọ̀ àti Lórí Ọkọ̀ Láìsí Jàǹbá

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìlú wa)

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ yàn fún wa lónìí lè má jọ iṣẹ́ ńlá lójú ẹlòmíràn. Wọ́n ní kí a wá sọ bí a ti í fi ọkọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn láìsí ewu. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rẹ́rìn-ín nínú, kí ó jọ̀wọ́ gbọ́ wa dé ìdí ọ̀rọ̀.

Láti ìgbà tí Ẹgbẹ́ yìí ti pinnu láti máa wá kẹ̀kẹ́ fún àwọn ọmọ wa tí ń fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé wá sí ilé ẹ̀kọ́, kẹ̀kẹ́ kò yéé wọ ìlú wa. Àwọn kan ń rà á wá láti Èkó, àwọn kan láti Ìbàdàn, àwọn ará wa tí ó wà ní Ìlú Ọba náà sì ń fi ránṣẹ́. Inú wa dùn sí i púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí à ń gbà di ẹrù náà kò dára rárá, a kò sì ní fi èyí pamọ́ fún yín. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, ẹni tí ó bá ra Raleigh, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Nottingham nígbà náà, kì í jẹ́ kí ọmọ ọkọ̀ nìkan bá òun dì í. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gun orí lọ́rì lọ wo okùn. A kò mọ ìgbà tí ìwà yẹn kúrò lára wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti inú ọkọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ewu kò sí. Kẹ̀kẹ́ onírin a máa wọ̀n tó kílò 16 sí 20. Bí ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá kọlu nǹkan lójijì, ọkọ̀ yóò dúró, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí a kò dè kò ní dúró. Eré tí ọkọ̀ ń sá tẹ́lẹ̀ ni yóò máa bá lọ títí yóò fi kan ẹ̀yìn orí ẹni tí ó jókòó níwájú. Agbára tí yóò fi kan án kò dín sí ti kẹ̀kẹ́ tí a jù sílẹ̀ láti ibi tí ó ga tó nǹkan bíi mítà 10, èyí tí í ṣe òkè ilé alájà mẹ́ta. Bí eré náà bá di 100, agbára yẹn kò ní di ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò di. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹ bá wa ka iye ọkọ̀ tí ń sá 50 níbẹ̀.

Nítorí náà, kí a tẹ́ kẹ̀kẹ́ lélẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó tí ó dúró gbọn-in, kí ẹ̀gbẹ́ tí ṣéènì wà kọjú sókè, kí a sì so ara irin rẹ̀ mọ́ àwọn òrùka tí wọ́n kàn mọ́ ilẹ̀ búùtù. Bí a bá tú táyà iwájú, kí a so òun náà. Kí a má sì ṣe fi ọmọ jókòó tì í.

Àwọn mìíràn a máa jẹ́ kí ìdajì kẹ̀kẹ́ yọ síta, wọn a sì fi okùn so ìdérí búùtù tí ó ṣí sílẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ewu tí ó wà nínú èyí ju kí kẹ̀kẹ́ jábọ́ lọ. Èéfín ẹ́ńjìnnì a máa gba ẹ̀yìn wọlé, afẹ́fẹ́ olóró kan sì wà nínú rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Orí fífọ́ àti òòyì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sùn lọ sínú rẹ̀ lè má jí mọ́.

Wàyí o, ó kan orí bọ́ọ̀sì. Ní ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, a fi ojú ara wa rí kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n gbé lé orí àpò gàrí, tí wọ́n sì fi rọ́bà kan ṣoṣo dè. Níbi tí bọ́ọ̀sì gbé yà fún kòtò ni kẹ̀kẹ́ ti fò sílẹ̀. Ọlọ́kadà tí ń bọ̀ lẹ́yìn yà wọ inú igbó. Ọlọ́run ni ó yọ òun àti obìnrin tí ó gbé. Dírẹ́bà kò tilẹ̀ mọ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Rọ́bà tí a gé lára túùbù wúlò, nítorí kì í jẹ́ kí okùn dẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó, torí pé ohun tí ń nà kò lè dá ẹrù dúró. Okùn gidi ni kí a fi dì í ní ibi mẹ́ta ó kéré tán, kí ó sì jẹ́ ara irin kẹ̀kẹ́ ni a so mọ́ irin orí ọkọ̀. Ẹni tí ó so táyà nìkan kò tíì so nǹkan kan, ẹni tí ó sì so ó mọ́ wáyà bíréèkì ti ba kẹ̀kẹ́ jẹ́ kí ó tó kúrò ní gáréèjì. Okùn ọ̀rá a máa nà bí òjò bá pa á. Nítorí náà, lẹ́yìn bíi kìlómítà 15, kí a ní kí dírẹ́bà dúró kí a tún un fà. Kọ̀ńdọ́ yóò kùn. Ẹ jẹ́ kí ó kùn.

Ẹ̀yin ará wa tí ó wà ní Ìlú Ọba, ẹ̀yin ni ẹ ń lo irin tí a ń fi kọ́ kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí kẹ̀kẹ́ bo nọ́ńbà tàbí iná ẹ̀yìn ọkọ̀. Owó ìtanràn nọ́ńbà tí kò hàn lè tó pọ́n-ùn 1,000. Ẹ gbé nọ́ńbà mìíràn àti iná kọ́ sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ẹ wo ibi tí èéfín ń gbà jáde pẹ̀lú, kí ooru rẹ̀ má baà yọ́ táyà. Bí ó bá jẹ́ orí ọkọ̀ ni ẹ gbé e lé, ẹ ka ìwé ọkọ̀ yín kí ẹ mọ iye kílò tí orí rẹ̀ lè gbà, ìwọ̀n irin tí a fi gbé kẹ̀kẹ́ sì wà nínú iye náà. Ẹ má sì gbàgbé pé ọkọ̀ yín ti ga sí i ní bíi mítà kan. Ọ̀pọ̀ ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà ni kò gba ohun tí ó ga ju mítà 2 àti díẹ̀ lọ, awakọ̀ a sì máa gbàgbé nígbà tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Ní ti kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, ẹ yọ bátìrì rẹ̀ kí ẹ tó gbé e kọ́, kí ó lè fúyẹ́, kí òjò má sì pa á. Ẹni tí ó bá ń bá ọkọ̀ òfuurufú bọ̀ wálé kò lè gbé bátìrì bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́. Bátìrì tí agbára rẹ̀ bá ju wáàtì-wákàtí 160 lọ ni a kò gbà lọ́wọ́ èrò, ti kẹ̀kẹ́ sì sábà máa ń ju 300 lọ. Kẹ̀kẹ́ lásán ni a rọ̀ yín láti fi ránṣẹ́.

Bí ẹ bá ń dì í sínú páálí, ẹ yí ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì tú ibi ìtẹ̀sẹ̀ méjèèjì. Ti ọwọ́ ọ̀tún ń tú bí ìdè yòókù ti ń tú, ṣùgbọ́n ti ọwọ́ òsì, òdìkejì ni a ń yí i. Ọ̀pọ̀ ti fi agbára ba ojú irin yẹn jẹ́, kẹ̀kẹ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ wa kò sì ṣeé gùn mọ́.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá gúnlẹ̀, kí a má ṣe gbé e fún ọmọ lójú ẹsẹ̀. Kí alátùn-únṣe kọ́kọ́ yí táyà méjèèjì wò bóyá wọ́n tẹ̀, kí ó fún ọwọ́ rẹ̀ le, kí ó sì dán bíréèkì wò. Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ti ra okùn tí ó nípọn sí ilé ìpàdé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ gbé kẹ̀kẹ́ lè wá yá a lò, kí ó sì dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan.