Orógbó àti Kóró Ìbẹ́pẹ
Kì í ṣe gbogbo àgbo ló ń ṣe ọkùnrin lóore. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, onímọ̀ sáyẹ́nsì Farombi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún eku ní kolaviron tí wọ́n yọ lára orógbó; ó dín ọṣẹ́ tí kẹ́míkà inú ike ń ṣe fún kóró ẹpọ̀n wọn kù, nítorí ó ń ká ọ́síjìn oníjàgídíjàgan tó ń ba awọ ọlọ́ràá ara àtọ̀ jẹ́ lọ́wọ́ kò. Kóró ìbẹ́pẹ tí wọ́n ń lọ̀ mu fún aràn ńkọ́? Lára eku àti ọ̀bọ, ṣe ló ń dín àtọ̀ kù.

Ẹ ó ní àwọn baba wa lo àgbo, wọ́n sì bímọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ta wá ni ó ka àwọn tí kò bí? Lóòótọ́, eku kì í ṣe èèyàn, a kò lè fi ti eku nìkan pinnu ti èèyàn. Àtọ̀ ń gba nǹkan bí ọjọ́ 74 kó tó gbó, ẹni tó mu àgbo lọ́sẹ̀ kan kò tíì lè búra pé ewé jẹ́. Kó kọ́kọ́ lọ ṣàyẹ̀wò àtọ̀.