Owó Ọdún Kẹfà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kan owó, ó sì kan ọmọ. Bí ọmọ yín, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, bá wá kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ níwájú yín tí ó ní, "Bàbá, lọ́yà ni mo fẹ́ ṣe," kí ni ẹ ó ṣe?

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe. Inú wa á kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà a ó béèrè iye tí a ó san kí ọmọ tó wọ yunifásítì. A ó ta iṣu, a ó ta ewúrẹ́, a ó kó àjọ, a ó sì san án. A ó wá rò pé ọ̀rọ̀ bùṣe. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wa wà.

Ọdún márùn-ún ni ọmọ tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ girama wọlé yóò fi kọ́ òfin ní yunifásítì kí ó tó gba oyè LL.B. Ṣùgbọ́n oyè yìí nìkan kò sọ ọ́ di lọ́yà. Ó gbọ́dọ̀ lọ sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Law School. Wọ́n lè rán an lọ sí Èkó, wọ́n lè rán an lọ sí Bwari lẹ́bàá Àbújá, tàbí sí Kánò, tàbí sí Yola pàápàá. Ìgbà tí ó bá yege níbẹ̀, tí wọ́n sì pè é wọ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, ni ó tó lè dúró níwájú adájọ́ láti gba ẹjọ́ ẹlòmíràn rò.

Èyí ni mo pè ní ọdún kẹfà. Ní sáà ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, owó ilé-ẹ̀kọ́ náà gòkè dé ₦476,000. Aṣọ dúdú, wíìgì, gáùn àti owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹ wo bàbá kan tí ó ti fi ọdún márùn-ún sanwó, tí abà iṣu rẹ̀ ti ṣófo, tí ọmọ wá mú ìwé owó yìí bá a nínú oko. Ọmọ ti gboyè, ìlú ti bá wọn jó, ṣùgbọ́n ó jókòó sílé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ. Ìgbà bẹ́ẹ̀ ni a máa ń ta ilẹ̀ ẹbí. Ìgbà bẹ́ẹ̀ ni a máa ń ya owó èlé.

Ẹ̀yin ahunṣọ Ìsẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yìí yé yín ju àwa yòókù lọ. Ǹjẹ́ ẹnìkan wà nínú yín tí í jókòó sídìí òfì láìkọ́kọ́ mọ iye òwú tí aṣọ náà yóò gbà? Bí òwú bá tán nígbà tí aṣọ kù díẹ̀, ẹni tí ó rán yín níṣẹ́ kò ní rí aṣọ mú lọ sóde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀kọ́ òfin rí.

Kò rọrùn fún àwọn tí ó ṣáájú wa pẹ̀lú. Kí ìjọba tó dá Law School sílẹ̀ ní Èkó ní 1962, Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn ènìyàn wa ń lọ láti di lọ́yà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò ju ọmọdé lọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1920. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe òwò, ó sì fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣiṣẹ́, kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Ó ti pé ọmọ ọdún márùndínlógójì nígbà náà. Ní oṣù November 1946 ni ó di lọ́yà.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọmọ tálákà nìkan ni owó ń tán lọ́wọ́ rẹ̀. Oníṣòwò gẹdú tí ó lówó ni bàbá Gani Fawehinmi ní Oǹdó. Ní 1961 Gani lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kú ní 1963, owó sì dá. Ó fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kí ó lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó padà wálé ní 1964, ó di lọ́yà ní Nàìjíríà ní 1965. Nígbà tí ó sì di 1971, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ aláìní ní owó ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, níbo ni owó yóò ti wá? Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀.

Èkíní ni sikọ́láṣípù. Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ a máa fúnni nígbà mìíràn. Ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti àwọn olówó a máa ṣe é pẹ̀lú. Kí ọmọ kọ̀wé béèrè, kí ó sì máa kàwé dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ná an kí ó tó dé ọwọ́, nítorí ó lè pẹ́, ó sì lè má dé. Ní 1938 ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìbìbíò dá owó jọ, wọ́n sì rán ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà lọ sí òkè òkun láti kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Òkè-Ògùn kò kéré sí èyí. Bí ẹgbẹ́ kan bá lè gbé owó ọdún kẹfà ọmọ kan ṣoṣo lọ́dọọdún, ẹ ro iye lọ́yà tí ìlú náà yóò ní lẹ́yìn ogún ọdún.

Èkejì ni iṣẹ́. Nígbà ìsinmi, kí ọmọ hun aṣọ bí ó bá mọ̀ ọ́n hun. Kí ó lọ sóko. Kí ó kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé. Kí ó ṣe é láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹ̀kọ́ Law School kò fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni owó yíyá. Àwọn bàbá wa bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì rò ó re, nítorí láyé àtijọ́ ọmọ gan-an ni a fi ń ṣe ìwọ̀fà nítorí gbèsè. Ṣùgbọ́n gbèsè kò rí bákan náà. Ní 1972 ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ọ̀pọ̀ tí ó yá a ni kò san án padà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ọ̀nà egbèje. Àwọn àbúrò àti ọmọ wọn ni wọ́n bẹ́gi dí ọ̀nà fún.

Ọ̀nà náà tún ti là. Ní oṣù April 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun tí àjọ NELFUND fi ń yá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lówó. Kò ní èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá sin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ni sísan yóò bẹ̀rẹ̀, bí ó bá ti ríṣẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa yọ. Ọ̀fẹ́ ni fífi orúkọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun tó bá yín ṣe é, ẹ sá fún un.

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí owó yíyá yìí san ti yunifásítì, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e fún ọdún kẹfà. Owó tí ó bá tipa bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi ra aṣọ ẹbí. Ẹ kó o sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti oṣù àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ń fi ₦8,000 pamọ́ lóṣooṣù fún ọdún márùn-ún yóò ní ₦480,000. Ó tó owó Law School ti sáà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lé díẹ̀. Bí owó náà bá tilẹ̀ gòkè sí i, èyí tí ẹ ó wá kiri kò ní pọ̀ débi tí ẹ ó fi ta ilẹ̀.

Bí ẹ bá sì yá lọ́wọ́ ẹbí tàbí ọ̀rẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: iye rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ó san án, àti ẹni tí yóò san án. Àjèjì kọ́ ni gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀ máa ń bà jẹ́, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni.

Lálẹ́ òní, ẹ pe ọmọ náà jókòó. Ẹ mú bébà àti pẹ́ńsùlù. Ẹ ka ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ má ka márùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ kọ ti ọdún kẹfà sílẹ̀, kí ẹ tó kọ àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ó dàárọ̀ o.